Lọ́yà bàbá wa ti kú, ọ́fíìsì rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe: níbo la ti máa rí ojúlówó wíìlì?

Àbẹ̀ní Mọ́níyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ tú ẹbí wa ká.

Oṣù kẹrin rèé tí bàbá wa jáde láyé, ẹni ọdún 84. Iṣẹ́ reluwé ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ilé kan ní Mọ́níyà, wọ́n sì ní ilé kékeré kan àti ilẹ̀ ní Ìkìrun tó jẹ́ ìlú wa. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, ọmọ méje la jẹ́. Lọ́dún 2009, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀, wọ́n ní àwọn ti kọ wíìlì, pé ọwọ́ lọ́yà àwọn ní Dùgbẹ̀ ló wà, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni jà lẹ́yìn àwọn.

Fọ́tókópì wíìlì náà la bá nínú àpótí irin wọn, ojú ìwé 4. Bàbá buwọ́ lù ú, ẹlẹ́rìí méjì náà buwọ́ lù ú. Èyí tó ká mi lára jù níbẹ̀ ni pé bàbá ya owó tí àwọn ayálégbé ń san ní Mọ́níyà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àbúrò wa ọkùnrin tí kò lè rìn láti kékeré. Bí a bá sọ pé kò sí wíìlì, ta ni yóò rántí ìyẹn ní ọdún márùn-ún sí i?

A dé Dùgbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbi tí lọ́yà ń jókòó sí. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti kú láti 2016, àwọn ò mọ ibi tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní báyìí, àwọn àbúrò bàbá ń sọ pé fọ́tókópì kì í ṣe wíìlì, kí a lọ búra ní kóòtù pé bàbá ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kí a gba Letter of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti mójú tó ogún, kí ẹbí fi ìdí-igi pín in: ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n dá fún wa.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Káyọ̀dé

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dáa. Ẹni ọdún 71 ni mí, nítorí náà jẹ́ kí n pè ọ́ lọ́mọ. Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n fi ìparí oṣù dẹ́rù bà ọ́. Ilé kò ní sá lọ.

Irú rẹ̀ ṣe wá rí, ti ìyá ìyàwó mi ní Abẹ́òkúta. Lọ́yà tó bá dá ṣiṣẹ́, bó bá kú, ìyàwó àtọmọ rẹ̀ ló máa ń kó ọ́fíìsì, nítorí onílé kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Wọn ò mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti jó o níná. Inú gáréèjì ni wọ́n kó ti lọ́yà ìyá náà sí, páálí lórí páálí títí dé àjà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹnì kan nínú wa fi ohùn líle bá opó náà sọ̀rọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó jàre. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àjèjì mẹ́rin wá ń béèrè ẹrù ọkọ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò? Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa lọ. Ó gbọ́ tiwa, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè jẹ́ kí a tú páálí nítorí àṣírí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. A wá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ẹ̀ka ibẹ̀, wọ́n sì yan lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó wá bá a tú u. Ọjọ́ méjì gbáko. Wíìlì ìyá wà nínú fáìlì tí wọ́n kọ nǹkan mìíràn sí lára.

Ẹ wá èèyàn lọ́yà náà kí ẹ tó wá ìwé. Onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn sì ni kí ẹ bi, kì í ṣe àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí. Onílé ló mọ ẹni tó wá kó ẹrù, tó san gbèsè ilé tó kù, tó sì gba kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé Ìyágankú

Ọdún 22 ni mo fi ṣe kíláàkì lọ́dọ̀ lọ́yà méjì ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe ń rí nínú ọ́fíìsì fún yín.

Bí oníbàárà bá ti buwọ́ lu wíìlì, a kì í fi í sáàárín ìwé lásán. Inú àpòòwé ni, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó kán ìda pupa sórí ibi tí a lẹ̀, a ó kọ orúkọ oníwíìlì àti ọjọ́ sí i lára. Ibi mẹ́ta ló lè gbà lọ lẹ́yìn náà. Ó lè lọ sí ọ́fíìsì Próbéètì, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wíìlì àti ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, kí wọ́n gbà á pamọ́ fún oníwíìlì nígbà tó ṣì wà láàyè. Ó lè wọnú sééfù ọ̀gá. Ó lè bá oníwíìlì lọ sílé. Fọ́tókópì ni àwọn tó kù máa ń mú dání.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé owó ni wọ́n fi ń gbé wíìlì pamọ́ sí Próbéètì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà san owó kíkọ tán, ó ní òun ń bọ̀ wá san ti ìfipamọ́, kò padà wá mọ́. Irú ti bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú sééfù títí ọ̀gá fi kú. Nítorí náà, ẹ lọ wo Próbéètì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kò sí níbẹ̀, ìyẹn kò ní kí wíìlì má sí.

Ẹ tún gbé fọ́tókópì yẹn sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ta ni ẹlẹ́rìí méjì yẹn? Òfin ní ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan nínú wíìlì kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, bó bá ṣe é, ẹ̀bùn tirẹ̀ ti bọ́. Ìdí nìyí tí lọ́yà fi máa ń pe àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀: kíláàkì kan, lọ́yà kékeré kan. Èmi fúnra mi buwọ́ lu wíìlì tí kò ní òǹkà. Bí àdírẹ́sì ẹlẹ́rìí bá jẹ́ àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá. Ọ̀gá ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọ́fíìsì ṣì wà láyé, wọ́n kàn ti tú ká ni.

Ẹ wá lẹ́tà èyíkéyìí tí ọ́fíìsì yẹn kọ sí bàbá rí, ì báà ṣe lórí ọ̀rọ̀ ayálégbé. Orúkọ gbogbo lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń wà lára bébà wọn, lápá òsì tàbí nísàlẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti 2015 síwájú, ẹ wo sítáḿpù NBA tó wà lára rẹ̀: orúkọ lọ́yà àti nọ́ńbà rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wà níbẹ̀. Orúkọ gbogbo lọ́yà Nàìjíríà ló wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ náà, ó sì rọrùn fún ẹ̀ka NBA láti mọ ibi tí olúwarẹ̀ wà.

Ohun kan tó kù, tí ẹnikẹ́ni kì í rò: ta ló ra ìwé òfin rẹ̀? Bí lọ́yà bá kú, ìwé òfin rẹ̀ ni ẹrù tó lówó lórí jù. Àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ máa ń wá rà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n á sì kó o pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù àti sééfù, nígbà mìíràn láìtú inú rẹ̀. Mo ti rí i tí sééfù lọ báyẹn.

Ìyá Ìbejì Àgbowó

Ẹ kú ìfaradà, àǹtí mi. Ẹ yẹ ìwé báńkì bàbá wò o. Àwọn àgbà kan máa ń fi àpòòwé pamọ́ sí báńkì, wọ́n á sì máa yọ owó ìfipamọ́ lọ́dọọdún. Ti bàbá wa nìyẹn. Owó kékeré kan tí wọ́n ń yọ ní January ló jẹ́ ká mọ̀.

Tájù Òkè-Adó

Mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwa dúró de wíìlì fún ọdún mẹ́fà. Láàárín ìgbà yẹn, òrùlé ilé bàbá wa já, ayálégbé kọ̀, kò san owó mọ́, ẹ̀gbọ́n wa àgbà sì kú láìrí nǹkan kan gbà. Bí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú fọ́tókópì, ẹ gba Letter of Administration, kí ẹ̀yin ọmọ sì fẹnu kò láti tẹ̀lé ohun tí bàbá wí. Kí ni ẹ tún ń wá?

Lọ́yà Ọmọ Agodi

Ọ̀gbẹ́ni Tájù, mo gbọ́ ìrora yín, ìdúró ọdún mẹ́fà kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má ṣe é.

Kí ilé ẹjọ́ tó fún ènìyàn ní Letter of Administration lásán, ó gbọ́dọ̀ búra pé òkú kò fi wíìlì sílẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀ní ní fọ́tókópì tó ní ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́, ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ní 2009. Bó bá búra pé kò sí, ó ti búra èké ní kóòtù, ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú ni. Bí ojúlówó bá sì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilé ẹjọ́ lè gba ìwé àṣẹ yẹn padà. Ẹni tó bá ti ra ilé náà yóò gbé yín lọ sí kóòtù. Ẹnu tí ẹ̀yin ọmọ fi kò lónìí kò de àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà fún yín bí ojúlówó bá sọnù pátápátá, nítorí àwọn àbúrò bàbá rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí. Òfin ní oníwíìlì lè fagi lé wíìlì rẹ̀ nípa pé kó jó o, kó ya á, tàbí kó bà á jẹ́, pẹ̀lú èrò láti fagi lé e. Nítorí èyí, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òkú fúnra rẹ̀ ni ojúlówó wà kẹ́yìn, tí a wá a tì, ilé ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ gbà pé òun ló ya á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọwọ́ lọ́yà ló wà, ẹnikẹ́ni kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé ẹ rí ibi tí agbára yín wà? Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ ní pálọ̀ lọ́dún 2009, pé ọwọ́ lọ́yà ló wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹni tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó jẹ́, ohun tí bàbá wí. Lẹ́tà tàbí rìsíìtì tó fi hàn pé lọ́yà ló gbà á pamọ́, góòlù ni.

Ilé ẹjọ́ lè gba fọ́tókópì bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n buwọ́ lù ú bó ṣe yẹ, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí, àti pé a wá ojúlówó níbi gbogbo tó yẹ kí a wá a. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní England, Lord St Leonards, ẹni tó ti jẹ́ olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà rí, kú ní 1875. Wọ́n ṣí àpótí tó ń fi wíìlì sí, wọ́n bá àfikún mẹ́jọ tó kọ sí i, ṣùgbọ́n wíìlì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Charlotte Sugden, tó máa ń bá a ṣe iṣẹ́ ìwé, ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti orí. Ní 1876, ilé ẹjọ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá lè gba ti ẹni tó kà á láti orí, ẹni tó ní fọ́tókópì ojú ìwé 4 kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù.

Nítorí náà, gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ bá pàdé, ohun tó sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti fọ́tókópì, ìwé yẹn ni ẹ ó fi búra.

Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé àwọn àbúrò bàbá lè sáré lọ gba ìwé àṣẹ láìsọ fún yín, lọ́yà yín lè fi ìwé ìdádúró sílẹ̀ ní Próbéètì, èyí tí a ń pè ní caveat. Wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Ó ní iye oṣù tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ máa tún un ṣe kó tó tán.

Àbẹ̀ní Mọ́níyà

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Mo wo àwọn ẹlẹ́rìí. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì Dùgbẹ̀ ni àwọn méjèèjì kọ! Ọ̀kan kọ “akọ̀wé”, èkejì, obìnrin, kọ “agbẹjọ́rò”. Ìbéèrè kan: ẹni méjì ni bàbá yàn láti mójú tó ogún. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kú ni, èkejì sì ni lọ́yà yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lọ. Ṣé wíìlì náà ti bàjẹ́ nìyẹn?

Lọ́yà Ọmọ Agodi

Kò bàjẹ́ rárá. Ikú àwọn alámójútó kò pa wíìlì. Àwọn tí wíìlì fún ní nǹkan lè lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n á fún wọn ní Letter of Administration tí wọ́n so wíìlì mọ́. Wọn á pín ogún gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe wí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹbí ṣe fẹ́. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí èyí tí àwọn àbúrò bàbá ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra.

Kí n tó gbàgbé: ìwé tí Ìbàdàn bá fún yín, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Nítorí ilẹ̀ Ìkìrun, ẹ ó mú un lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kí wọ́n fi èdìdì tiwọn tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Adó-Èkìtì

Nítorí ẹ dárúkọ ìpínlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un fún ẹni tí wíìlì bàbá rẹ̀ bá ti pẹ́. Adó ni bàbá wa gbé títí wọ́n fi kú, Adó la sì ń wá a sí. Oṣù mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó rántí pé 1988 ni wọ́n kọ ọ́, Èkìtì kò sì di ìpínlẹ̀ títí di 1 October 1996. Abẹ́ Oǹdó la wà nígbà yẹn. Àkúrẹ́ la ti rí i, nínú ìwé orúkọ àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun náà, August 1991 ni wọ́n yọ yín lára Ọ̀yọ́. Ohun tó bá ṣáájú ìyẹn, ẹ má ṣe mọ sí Òṣogbo, ẹ wo Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ tó wà nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn jẹ́ ti Èkó. Ilé ẹjọ́ gíga Igbosere jóná ní 21 October 2020, àwa tó ń gbé ìtòsí rí èéfín rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ fún ẹbí olókùú pé, “Ó ti jóná, ẹ jẹ́ ká pín in.” Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí Próbéètì ní Ìkẹjà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ fi béèrè, kí wọ́n yẹ ìwé wọn wò kí wọ́n sì fún yín lésì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Èsì ẹnu kò wúlò. Àwọn ìbátan wa kan ti fẹ́ ta ilé tán lórí “ó ti jóná” kí ọmọ wọn obìnrin tó lọ sí Ìkẹjà, wíìlì sì wà níbẹ̀, èdìdì rẹ̀ kò tíì já.

Àdùnní Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Mo mọ̀ pé ti Ìbàdàn lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ní òbí tó kọ wíìlì sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n ń gbé níbí kí wọ́n tó padà sílé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe lọ.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni màámi lò. Wọ́n tì í pa. Níbí, àjọ kan ń mójú tó àwọn lọ́yà tí wọ́n ń pè ní solicitor ní England àti Wales, SRA ni wọ́n ń pè é. Bí SRA fúnra rẹ̀ bá ti ọ́fíìsì kan pa, yóò yan ọ́fíìsì mìíràn láti kó gbogbo fáìlì, yóò sì ní àkọsílẹ̀ ibi tó wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló fẹ̀yìn tì tó sì tilẹ̀kùn, ọ́fíìsì mìíràn ló sábà máa ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí SRA, mo fi orúkọ ọ́fíìsì àtijọ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́, mo fi ìwé ẹ̀rí ikú màámi àti ìwé ìdánimọ̀ tèmi sí i. Wọ́n júwe ẹni tó ní fáìlì fún mi. Orúkọ ọ́fíìsì náà ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín, èyí ni mi ò fi rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ wò. Iṣẹ́ Próbéètì ti ìjọba níbí náà máa ń gba wíìlì pamọ́ fún alààyè, bíi ti Nàìjíríà. Àkójọ orúkọ kan sì wà tí àwọn solicitor máa ń fi wíìlì oníbàárà wọn sílẹ̀ sí, Certainty ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá wá a tì, fọ́ọ̀mù PA13 wà fún wíìlì tó sọnù, ibẹ̀ lẹ ti máa ṣàlàyé ibi tí ẹ wá a dé. Ìwé tí ilé ẹjọ́ níbí bá fún yín, ẹ lè mú un lọ sí Èkó kí wọ́n fi èdìdì tẹ̀ ẹ́ fún ilé tó wà lọ́hùn-ún.

Ohun tó dùn mí ni pé Nàìjíríà kò ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ tí yóò máa kó fáìlì lọ́yà tó bá kú. Ó yẹ kó wà. Ẹ̀yin lọ́yà tó wà níbí, ẹ bá wa gbé e dé ìpàdé yín.

Lọ́yà Ọmọ Agodi

Mo gbà, àbúrò mi, ó ká mi lára púpọ̀. Ní tèmi, mo ti kọ lẹ́tà kan tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi: orúkọ gbogbo oníbàárà tí wíìlì wọn wà lọ́dọ̀ mi, nọ́ńbà wọn, àti lọ́yà méjì tó lè wá gbà á bí mo bá lọ lójijì. Mo sì ń pe àwọn oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé tiwọn lọ sí Próbéètì. Àwọn kan bínú sí owó rẹ̀. Mo máa ń san án fún àwọn tó dàgbà jù.

Àbẹ̀ní Mọ́níyà

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún rèé tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Onílé Dùgbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, bí Bàbá Káyọ̀dé ṣe wí. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó ní ọmọ lọ́yà náà ọkùnrin ló wá kó ẹrù, ó sì ti lọ sí Kánádà. Ó fún mi ní nọ́ńbà kan, kò lọ. Próbéètì Ìbàdàn wo ìwé wọn, wọ́n ní orúkọ bàbá kò sí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, wọ́n kọ ọ́. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún.

Nígbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ìyágankú nípa owó ìfipamọ́. Mo padà sínú àpótí irin, mo tú gbogbo ìwé inú rẹ̀. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ láti 2011, tí ọ́fíìsì lọ́yà kọ sí bàbá, pé wíìlì wọn “ṣì wà lọ́dọ̀ wa”, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá san owó kí àwọn lè gbé e lọ sí kóòtù. Bàbá kò san. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò wa, mo mọ ibi tí owó lọ.

Orúkọ lọ́yà obìnrin yẹn wà lára bébà. Ẹ̀ka NBA Ìbàdàn bá wa wá a, Àkúrẹ́ ló wà báyìí. Mo pè é, mo dárúkọ bàbá. Ó ní, “Bàbá reluwé tó máa ń mú ẹ̀pà bíbọ̀ wá fún wa?” Mi ò lè fèsì fún ìgbà díẹ̀. Òun ló sọ fún wa pé lọ́yà kan ní Ìbàdàn níbí ló ra ìwé òfin ọ̀gá àwọn pẹ̀lú sééfù. A lọ bá a. Ó ní òun kò rí kọ́kọ́rọ́ sééfù náà gbà rí, òun kàn fi í gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé lórí. Ó pe alágbẹ̀dẹ lójú wa àti lójú lọ́yà tiwa. Àpòòwé 11 ló wà nínú rẹ̀. Ti bàbá ni ìkẹrin, ìda pupa rẹ̀ ṣì pé.

Kò fún wa, mo sì yìn ín fún un. Ó gbé e lọ sí Próbéètì fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó gba rìsíìtì, ó fún wa ní fọ́tókópì rìsíìtì náà. Àwọn mẹ́wàá tó kù, ó ní òun ń bá ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí bí wọn ó ṣe wá àwọn tó ni ín. Bí lọ́yà bàbá tàbí màmá yín bá ń jókòó sí Dùgbẹ̀ nígbà kan, ẹ lọ bi ẹ̀ka NBA Ìbàdàn léèrè.

Mo mú rìsíìtì náà lọ bá àwọn àbúrò bàbá. Èyí àgbà nínú wọn wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe nǹkan ní ìdajì.” Kò dárúkọ ìdí-igi mọ́. Thursday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni rẹjísítírà Próbéètì yóò ṣí i, tí yóò sì kà á níwájú gbogbo wa. Àwọn ọmọ ìyá kejì ń bọ̀ láti Ìkìrun lálẹ́ Wednesday, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò sùn. A ti háyà bọ́ọ̀sì tí yóò gba kẹ̀kẹ́ àbúrò wa, iwájú ló ní òun fẹ́ jókòó sí.